Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tó Yọ Irorẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló pè mí. Wọn ò tíì jẹ́ kí n kí wọn tán tí wọ́n fi ní, "Wá bá mi wo nǹkan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe." Ohùn wọn ti jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan náà ò dùn mọ́ wọn nínú. Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá ọkọ̀ náà nínú oòrùn, búlúù tó ṣú díẹ̀, tí ẹ̀rún wẹ́wẹ́ bíi fàdákà inú ọ̀dà rẹ̀ ń ṣẹ́jú síni. Ó dán láti bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn títí dé ilẹ̀kùn iwájú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ló dà bí ojú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí irorẹ́ bò.

Òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà ọkọ̀ iwájú ń ta sẹ́yìn ló ti bó ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì náà níbi mẹ́rìnlá. Ẹ̀gbọ́n lọ ra ìgò ọ̀dà kékeré, irú èyí tí búrọ́ọ̀ṣì wà lára ìdérí rẹ̀. Wọ́n jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì fi ọ̀dà dí gbogbo ibi tó bó, lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dà kún ihò náà dé ẹnu, ó kún kọjá ẹnu, ó tún tàn sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó gbẹ, ohun tó jẹ́ kòtò tẹ́lẹ̀ ti di òkè.

"Mo fẹ́ rẹ́ ẹ kó tẹ́," ni wọ́n wí. Sáńpépà ti wà lọ́wọ́ wọn. Mo gbà á wò kí n tó fèsì: P400 ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn èyí tí hóró rẹ̀ tóbi jù fún irú iṣẹ́ yìí. Ká ní mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ dé ni, ìtàn bí wọ́n ṣe tún gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì kùn ni ǹ bá máa sọ báyìí.

Mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn jáde, mo fi kan ibi mẹ́jọ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ń mú 104 sí 118 máíkírọ́nì wá. Ẹgbẹ̀rún máíkírọ́nì ló ń jẹ́ mìlímítà kan. Gbogbo ọ̀dà tó wà láàárín irin àti afẹ́fẹ́ lórí ọkọ̀ yẹn, tí a bá pa á pọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju bébà kan ṣoṣo tí a fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì. Nínú bébà kan yìí, ìpele mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ilé iṣẹ́ fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ irin kó má baà dógùn-ún, nǹkan bí 20 máíkírọ́nì. Práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí àwọ̀ máa ń dì mọ́, tẹ̀ lé e, bí 30 sí 35. Àwọ̀ gan-an, búlúù tí à ń wò, kò ju bí 15 sí 20 lọ. Lókè pátápátá ni kílíà wà, ìyẹn ọ̀dà tí kò láwọ̀ tó ń mú ọkọ̀ dán, tó sì ń gba oòrùn àti òjò sára fún àwọ̀. Ó sábà máa ń wà láàárín 35 sí 50.

Hóró ara sáńpépà P400 tóbi tó bí 35 máíkírọ́nì. Hóró kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo kílíà náà. Ti P2000 kò ju bí 10 lọ. (Ẹ máa wo lẹ́tà P yẹn dáadáa, torí ìwọ̀n mìíràn wà tí kò ní P, nọ́ńbà tó jọra kì í sì í ṣe hóró kan náà nígbà gbogbo.) Mo ṣàlàyé báyìí fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wo sáńpépà, wọ́n wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní, "Ó dáa, fi sápò." Mo fi í sápò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí rí ni pé ibi tó bó kọ́ ló wà nínú ewu nígbà tí a bá ń rẹ́ ọ̀dà. Ibi tó bó ti bó ná. Ọ̀dà tó dáa tó yí i ká ló wà nínú ewu, nítorí kílíà tí sáńpépà bá kó lọ, pọ́líìṣì kankan kò lè dá a padà.

Bí mo ṣe ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ àwọn kókó náà wò, mo rí i pé rírẹ́ nìkan kò ní tó. Ìdí méjì ni. Ekíní, ọ̀dà tó ní ẹ̀rún bíi fàdákà ni. Bí ènìyàn bá fi sáńpépà gé orí rẹ̀, ẹ̀rún inú rẹ̀ á gé pẹ̀lú, ibẹ̀ á sì ṣú bí eérú, kò ní jọ ara yòókù mọ́. Ká ní ọ̀dà funfun tàbí pupa lásán ni, ǹ bá gbìyànjú rẹ̀. Ti èkejì jáde nínú ìbéèrè tí mo bi ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi nù ún kí ẹ tó kùn ún?"

"Mo fọ ọkọ̀."

"Ẹ ò yọ pọ́líìṣì ojú ẹ̀ kúrò?"

"Pọ́líìṣì wo?"

Ó di dandan ká yọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀dà tó bá jókòó sórí pọ́líìṣì tàbí ọ̀rá kò ní gbòǹgbò. Ó lè rí bí ohun tó dúró, àmọ́ ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ ìfọkọ̀ bá kọlù ú, á ṣí. Ẹni tó bá sì rẹ́ ẹ títí tó fi dán, iṣẹ́ asán ló ṣe.

Yíyọ rẹ̀ kò le bí ènìyàn ṣe rò. Ọ̀dà inú ìgò kékeré wọ̀nyí máa ń gbẹ nítorí pé omi inú rẹ̀ fẹ́ lọ, kì í ṣe pé wọ́n po kẹ́míkà tó ń mú un le mọ́ ọn. Tínà, omi tí wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà, lè tún un yọ́ kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kílíà ilé iṣẹ́ ní tirẹ̀ ti gba iná nínú ààrò, ó ti so pọ̀. Bí tínà bá fara kàn án díẹ̀, tó sì kúrò kíá, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Kílíà ilé iṣẹ́ ni mo wí o. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá ti tún kùn, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi aṣọ tó ní tínà nu etí rẹ̀ lábẹ́, aṣọ funfun náà ò yí padà. Mo ṣe bákan náà nísàlẹ̀ bọ́ńpà iwájú, aṣọ di búlúù! Ẹnì kan ti kun bọ́ńpà yẹn rí, kò sì fi kílíà lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò mọ̀, bí ọkọ̀ ṣe wà làwọn ṣe rà á. Mo ní ká fi bọ́ńpà sílẹ̀. Ó sì tún ní egbò mẹ́ta tirẹ̀, tó wà níbẹ̀ títí di òní.

Mo ká aṣọ òwú tó mọ́ mọ́ káàdì oníke kan tí kò wúlò mọ́, mo fà á dáadáa kó má hunjọ, mo wá kán tínà sí i. Ó tutù díẹ̀ ni, kò kán sílẹ̀. Mo ń fi fẹ́ orí kókó náà kọjá láìtẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo tún yí aṣọ sí ibi tó mọ́. Nítorí káàdì le gbọnrangandan, orí kókó nìkan ni aṣọ ń bá pàdé. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ lásán ni, ìka á wọ inú ihò, á kó gbogbo ọ̀dà jáde. Ọgbọ́n yìí, tó bá jẹ́ ọ̀dà tó mọ́ tí wọ́n kùn lórí ojú tó mọ́, lè tán iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ohun tó ga á lọ, ohun tó wà nínú ihò á dúró. Tiwa ò mọ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo fi igi ìtayín tí mo ki bọ tínà fọ ìsàlẹ̀ ihò.

Ibẹ̀ la ti wá rí egbò gan-an. Mẹ́ta nínú mẹ́rìnlá kò kọjá kílíà àti àwọ̀ lókè. Mẹ́jọ dé práímà, ìsàlẹ̀ wọn funfun báláú. Mẹ́ta yòókù dé irin, méjì nínú wọn sì ti ń dógùn-ún, àwọ̀ ilẹ̀ pupa ti ń yọ létí wọn. Ẹ̀gbọ́n ti kun ọ̀dà lé ìdógùn-ún yẹn lórí láìmọ̀. Ká ní a kàn rẹ́ kókó náà kó tẹ́, á dùn ún wò fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú láti abẹ́ bí àléfọ́.

Mo fi abẹ́rẹ́ họ ìdógùn-ún náà jáde títí irin fi ń kọ yànràn. Èyí tó bá sá pamọ́ sínú ihò tóóró, mo fi kẹ́míkà tó ń pa ìdógùn-ún sí i, ìkán kan péré. Ó sọ ọ́ di dúdú. Mo jẹ́ kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Práímà, orí irin tó ṣí sílẹ̀ nìkan ni mo fi í sí, kò sí ìdí láti fi í sórí práímà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí n tó fi ohunkóhun sínú egbò kankan, mo fi sípírítì, irú èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára, nù ún, mo sì dúró kó fẹ́ lọ.

Mo tún wo nọ́ńbà ọ̀dà tó wà lára ìgò ẹ̀gbọ́n mọ́ èyí tó wà lórí àlẹ̀mọ́ inú férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Wọ́n bára mu. Ìyẹn kò ní kí àwọ̀ bára mu tán o. Ọ̀dà ọkọ̀ ti rí oòrùn ọdún púpọ̀, ti inú ìgò ò tíì rí nǹkan kan. Ní ti ọ̀dà oní-ẹ̀rún, ọ̀nà tó gbà dé ojú irin tún ń kópa. Ibọn tó ń fín ọ̀dà máa ń tẹ́ àwọn ẹ̀rún náà síbi kan náà, búrọ́ọ̀ṣì ń jẹ́ kí wọ́n dúró bó ṣe wù wọ́n. Nítorí náà, bí a bá wò ó láti apá kan, ó lè bára mu kẹ́kẹ́, kó sì ṣú diẹ̀ láti apá kejì. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí a kò bá sọ fún ṣáájú á rò pé àwáwí ni.

Kíkún rẹ̀ gba sùúrù ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ. Mo gbọn ìgò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí pé àwọn ẹ̀rún náà máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Mi ò lo búrọ́ọ̀ṣì ara ìdérí. Fún egbò tí kò tó orí ìṣó, búrọ́ọ̀ṣì yẹn dà bí ìgbálẹ̀. Igi ìtayín ni mo lò. Mo gbé ìkán kékeré sí àárín ihò, mo sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ sàn lọ sí etí. Ó tẹ́ ìsàlẹ̀, ó tán. Wákàtí kan kọjá, mo fi òmíràn sí i. Ọ̀dà yìí máa ń sún kì bó bá ṣe ń gbẹ: ohun tó kún ihò ní àárọ̀, ìdajì ihò ni ó máa dé ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń bẹ̀rù pé kò ní tó, tí wọ́n á sì kó o sí i lẹ́ẹ̀kan. Egbò tó jìn jù gba ẹ̀ẹ̀mẹrin, èyí tí kò jìn gba ẹ̀ẹ̀kan.

Ohun kan ni mo ṣọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ níbí: mi ò jẹ́ kí búlúù dé ẹnu ihò. Mo dá a dúró sísàlẹ̀ ẹnu, mo fi àyè tó kù sílẹ̀ fún kílíà. Kílíà ló máa kún dé ẹnu, kílíà ló máa yọ díẹ̀ sókè, kílíà náà ni sáńpépà máa wá rẹ́. Ẹ̀rún inú búlúù kò ní rí sáńpépà lójú rárá, kò sì ní ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi kílíà sí i, láàárín ọjọ́ méjì. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ sábẹ́ òrùlé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí pé ó ti gbẹ. Mo ní ojú rẹ̀ ló gbẹ.

Ọjọ́ keje ni mo padà. Mo gé sáńpépà P2000 bí èékánná ìka kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìréésà ìdí pẹ́ńsù. Mo rẹ ẹ́ sínú omi tí mo kán ọṣẹ olómi sí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo lẹ téèpù àwọn akùnkọ̀ sí ọ̀tún àti òsì kókó kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ pé orí téèpù ni sáńpépà máa gùn bí ó bá yà. Nígbà tí kókó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá téèpù dọ́gba, mo ṣí téèpù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, apá kan náà, ìgbà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Mo nù ún gbẹ, mo wò ó, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nínù yẹn ni iṣẹ́ náà. Tí omi bá ṣì wà lójú rẹ̀, gbogbo nǹkan á máa dán, ènìyàn ò ní mọ ibi tó dé.

Kókó tó bá ti kan sáńpépà á ṣú. Ibi tó bá ṣì lọ sílẹ̀ láàárín rẹ̀ á máa dán bí ojú abẹ́rẹ́. Bí gbogbo orí rẹ̀ bá ti ṣú pátá, ó ti tẹ́. Bí òrùka tó ṣú bá wá ń yọ lára ọ̀dà àtijọ́ tó yí i ká, sáńpépà ti dé ilẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ máa wo omi náà pẹ̀lú. Omi tó funfun bí ògì tó ṣàn, kílíà ni. Omi tó bá yí sí àwọ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ìka ọwọ́ ló ń tanni jẹ jù níbí. Ìka ń mọ ohun tí ojú ò lè rí mọ́. Ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tí ojú lè tọ́ka sí, síbẹ̀ ìka á ṣì máa sọ pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé ìka á máa rẹ́ lọ. Tèmi ni pé ojú ni kó ṣèdájọ́. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan egbò kẹrin lẹ́yìn tí mo ṣe é tán, wọ́n ní, "Mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ọwọ́ kúrò, kí ẹ wá fi ojú wá a."

Wọ́n wá a fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ká ní mo gbọ́ràn sí ara mi lẹ́nu ni, ìṣòro egbò kẹsàn-án kì bá ṣẹlẹ̀. Kò jìnnà ju sẹ̀ntímítà kan lọ sí ibi tí irin bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ká sókè bí igun. Ọ̀dà tútù kì í fẹ́ dúró lórí igun, ó máa ń fà kúrò níbẹ̀ kó tó gbẹ, nítorí náà kílíà orí igun máa ń fẹ́lẹ́ ju ti ibi tó tẹ́ lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mo tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ ni, mo gbójú sókè bá wọn sọ̀rọ̀, ọwọ́ ń lọ. Pẹ́ńsù tẹ̀, etí sáńpépà sì gun orí igun náà. Nígbà tí mo máa wolẹ̀, omi ti yí sí búlúù.

Kò sí oògùn rẹ̀. Ìlà kan tó gùn tó hóró ìrẹsì, tí kílíà rẹ̀ ti lọ. Mo nù ún, mo fi sípírítì fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kun kílíà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà, P3000 nìkan ni mo fi kan etí rẹ̀. Ó ń dán báyìí, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, èèyàn á rí òjìji kan níbẹ̀ bí ibi tí omi kán sí lára aṣọ tó sì gbẹ.

Àwọn mẹ́tàlá yòókù lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fi P3000 tẹ̀ lé P2000, mo sì dábùú ọ̀nà àkọ́kọ́ kí n lè mọ ìgbà tí ìlà tí P2000 fà bá parẹ́ tán. Lẹ́yìn náà kọ́ńpáùn, ìpara tó ń pa ojú sáńpépà rẹ́, lórí fóòmù, pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ̀rọ máa ń yá, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ lè fa kókó tuntun jáde, fún ibi mẹ́rìnlá tí kò tó orí ìṣó, mi ò rí ìdí rẹ̀. Pọ́líìṣì ló kẹ́yìn. Mo tún wọn ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ àwọn egbò náà: 101 sí 115. Ẹ̀rọ mi lè fi 2 tàbí 3 ṣìnà, nítorí náà mi ò ní fi yangàn, àfi pé ó fi hàn mí pé mi ò jẹ kílíà lọ púpọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, méjì nínú àwọn tó jìn dé irin ti sún kì díẹ̀ sí i. Ó hàn bí ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìda. Ìkán kílíà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan, P3000, ó parí.

Ọjọ́ tí mo gbé e fún wọn, ẹ̀gbọ́n yí bọ́nẹ́ẹ̀tì ká lẹ́ẹ̀mẹta nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n ń tẹ̀ ba, wọ́n ń nàró, wọ́n ń wá àwọn ibi mẹ́rìnlá tí ọwọ́ wọn ti kùn rí. Wọ́n rí ọ̀kan. Wọ́n na ìka sí i.

"Èyí ńkọ́?"

"Èyí yẹn, èmi ni mo ṣe é."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, wọ́n béèrè sáńpépà wọn. Ó ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, mi ò tíì dá a padà.